Ẹ Jẹ́ Kí Etí Erinlẹ̀ Sinmi: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti Àwọn Ọba Ìlobùú àti Ìfọ́n

Sí Ọlọ́lá jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun;
Sí Kábíyèsí, Olóbùú ti Ìlobùú, àti Kábíyèsí, Olúfọ́n ti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun;
Sí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn àti Òròlú.

Ọ̀rọ̀ odò Erinlẹ̀ ni mo bá wá. Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba pa á láṣẹ, kí ẹ̀yin ọba sì fọwọ́ sí i, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ro oko, kó má sì da ajílẹ̀, láàárín mítà 30 sí etí odò náà, etí adágún ìsédò rẹ̀, àti etí àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn sínú rẹ̀ ní agbègbè Ìlobùú àti Ìfọ́n. Kí ìjọba sì máa yẹ omi náà wò lóṣooṣù, kó máa gbé èsì rẹ̀ síta kí gbogbo ayé rí i. Ìdí ẹ̀bẹ̀ yìí kò ṣòro láti lóye. Oúnjẹ tí a ń fún ilẹ̀ ń bọ́ sínú omi, omi tó bá sì yó ju bó ṣe yẹ lọ kì í ṣeé mu mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí omi yìí ń lọ. Ní Ìlobùú, Erinlẹ̀ kì í ṣe odò lásán. Òun ni òrìṣà tí ìtàn ìtẹ̀dó ìlú náà so mọ́, orúkọ rẹ̀ sì ti dé Kúbà àti Bùràsíìlì, níbi tí àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ṣì ti ń bọ ọ́ títí dòní. Omi odò àti òkúta odò ni àwọn olùsìn rẹ̀ ń kó sínú àwo Erinlẹ̀, nítorí pé lójú tiwọn, odò yẹn gan-an ni òrìṣà. Ẹni tí kò bọ òrìṣà, ìbáà jẹ́ mùsùlùmí tàbí onígbàgbọ́, odò náà kàn án síbẹ̀. Wọ́n sé e ní apá Ẹdẹ, ibẹ̀ sì ni omi ẹ̀rọ Òṣogbo, Ẹdẹ àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ti ń wá. Lẹ́yìn ìsédò, ó darapọ̀ mọ́ Ọ̀ṣun. Ọ̀ṣun dé Aṣèjìrẹ́, wọ́n tún sé e níbẹ̀ kí Ìbàdàn lè rí omi mu. Láti ibẹ̀ ó ń bá tirẹ̀ lọ títí ó fi wọ ọ̀sà Lẹ́kì ní ìhà Ẹ̀pẹ́, níbi tí àwọn apẹja ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn, kí ó tó bá òkun pàdé. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé omi etíkun ń dọ̀tí, kí àgbẹ̀ Ìlobùú tàbí ti Ìfọ́n má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Ẹ̀pẹ́ nìkan ni. Ohun tó bá kúrò ní oko rẹ̀ lọ́jọ́ òjò ti gba ọ̀nà etíkun nìyẹn, ó sì máa gba inú ìkòkò omi àìmọye ènìyàn kọjá kó tó débẹ̀.

Àgbẹ̀ tó da ajílẹ̀ sí ìdí àgbàdo mọ ohun tó ń retí: kí ewé dúdú mìnìjọ̀, kí àgbàdo gbọmọ pọ̀n. Náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, àwọn méjèèjì yìí kan náà sì ni ewéko inú omi ń wá kiri. Ojú oró àti òṣíbàtà ń jẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí mo ń bẹ̀rù jù ni algae, ohun tútù aláwọ̀ ewé tó ń mú òkúta odò yọ̀, tí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àpò ajílẹ̀ NPK 15-15-15 kan wọn kílò 50. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ fi díẹ̀ ju kílò 3 lọ. Bí kílò kan péré nínú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yẹn bá dé inú omi tó dúró, tí oòrùn ń pa, tí náítírójìn sì wà níbẹ̀, ó lè bọ́ algae tó máa tó nǹkan bí 100 kílò lẹ́yìn tí a bá ti sá a gbẹ. Nínú omi, kó tó gbẹ, ìwọ̀n rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Kò pọn dandan kí gbogbo àpò bọ́ sódò kí ọ̀ràn tó dé. Ìwọ̀nba tí àgbàrá bá gbé láti inú oko kọ̀ọ̀kan, bí oko bá ti pọ̀ létí omi, ti tó.

Odò tó ń ṣàn lè gbé ìdọ̀tí yẹn lọ kó tó ráyè fìdí kalẹ̀. Adágún ìsédò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Omi rẹ̀ dúró, ó ń móoru, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ sì ń rọ sísàlẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé dáadáa. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé omi tó mọ́ lójú nínú ìsédò lè tètè di aláwọ̀ ewé ju odò pupa tó ń sáré lọ. Ohun tó tún burú ni pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó bá wọlé kì í tètè jáde. Ó ń bá ẹrẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ adágún. Nígbà tí algae bá kú, tó bá ń jẹrà, tó sì fa afẹ́fẹ́ inú omi tán, ẹrẹ̀ yẹn á tún tú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó gbé mì sílẹ̀ sínú omi, algae tuntun á rí i jẹ. Ó túmọ̀ sí pé a lè dáwọ́ ajílẹ̀ dúró lónìí, kí omi sì ṣì máa ṣàìsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí èyí tó ti wà nísàlẹ̀. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ mi dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba tó bá ní òun máa dúró títí omi máa fi yí àwọ̀ kí òun tó ṣòfin ti pẹ́ jù.

Ìpalára rẹ̀ kò mọ sórí ẹja tó ń kú nítorí àìrí afẹ́fẹ́ mí. Àwọn kan wà lára àwọn tí a ń pè ní algae wọ̀nyí, cyanobacteria ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n, tí wọ́n ń tú májèlé jáde. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù nínú májèlé náà ni microcystin, ẹ̀dọ̀ ènìyàn ló ń bá jà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ní ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà, ìjọba kìlọ̀ fún nǹkan bí 500,000 ènìyàn pé kí wọ́n má mu omi ẹ̀rọ. Wọ́n ní kí wọ́n má ṣe sè é pàápàá, nítorí pé májèlé yìí kì í kú lójú iná: omi ló ń gbẹ, májèlé tó kù á wá ki sí i. Toledo ní ilé-iṣẹ́ tó ń fọ omi mọ́, síbẹ̀ ó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Inú adágún Erie ni wọ́n ti ń fa omi, èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó bọ́ algae ibẹ̀ sì gba odò Maumee wọlé láti àwọn oko tó jìnnà sí ìlú náà. Ní Caruaru, ní Bùràsíìlì, ní ọdún 1996, omi ìsédò tó ní irú májèlé yìí dé ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ó lé ní 50 ènìyàn tó kú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìwọ̀n microcystin-LR nínú omi tí ènìyàn ń mu lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju máíkírógíráàmù 1 nínú lítà kan. Ìwọ̀n tó kéré báyìí, ẹnu kò lè tọ́ ọ wò, imú kò lè gbóòórùn rẹ̀. Àyẹ̀wò nìkan ló lè fi hàn. Ẹni tó sì ń mu omi kànga kó má rò pé òun ti bọ́. Náítírójìn ajílẹ̀ máa ń wọ ilẹ̀ lọ bá omi kànga, ó sì léwu púpọ̀ fún ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì fún.

Níbi tí oko ti bá òkun pàdé gan-an, ẹ̀rí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Brittany, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, wọ́n ń sin ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ púpọ̀, ìgbẹ́ wọn àti ajílẹ̀ ni wọ́n sì ń dà sí oko. Láti nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980 ni algae ti ń ya bo etíkun wọn lọ́dọọdún. Bí ó bá ń jẹrà, afẹ́fẹ́ olóòórùn ẹyin tó bàjẹ́ á máa jáde lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn sì lè pa ènìyàn. Ní ọdún 2009, ẹṣin kan kú sínú rẹ̀ ní Saint-Michel-en-Grève, ẹni tó gùn ún dákú. Ní ọdún 2011, wọ́n rí òkú ìmàdò 36 ní etíkun mìíràn ní Brittany. Ibi tí mo fẹ́ kí Gómìnà fiyè sí ni ilé-ẹjọ́. Ní ọdún 2009, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Nantes dá a pé ìjọba Faransé ló jẹ̀bi, nítorí pé òfin wà nílẹ̀ tí kò lò ó. Kì í ṣe àgbẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi. Títí di òní ni wọ́n ń fi owó ìlú kó algae kúrò ní etíkun wọ̀nyẹn.

Kí n má baà di ẹ̀bi lé ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lórí, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí pẹ̀lú. Láti ọdún 2011 ni algae mìíràn tí wọ́n ń pè ní sargassum ti ń wọ́ wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó ń dí àwọ̀n àwọn apẹja. Inú agbami Àtìláńtíìkì ló ti ń wá, kì í ṣe láti inú oko ẹnikẹ́ni ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ìyẹn pọ̀ mọ́ ohun tí mo ń sọ. Èyí tó wà níkàáwọ́ wa ni èyí tó ń ti ẹsẹ̀ oko wa lọ.

Àtakò àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ pé ó máa wá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n á ní àgbẹ̀ wa kì í lo ajílẹ̀ tó ti Faransé tàbí ti Amẹ́ríkà. Wọ́n á ní ní Àbújá, ní ọdún 2006, àwọn olórí Áfíríkà pàápàá pinnu pé kí ajílẹ̀ tí à ń lò kúrò ní kílò 8 sórí hẹ́kítà kan, kó di 50. Òótọ́ ni, ìpinnu náà sì dára. Ilẹ̀ wa ti gbó, ẹni tó bá ní kí àgbẹ̀ má lo ajílẹ̀ mọ́ ń pe ìyàn ni. Ṣùgbọ́n ìṣirò gbogboogbò yẹn ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ajílẹ̀ kì í pín dọ́gba lórí ilẹ̀. Ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ sórí òkè lè má da ẹyọ kan sí i. Ẹni tó ń ṣe àkùrọ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn, tó gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ata àti tòmátì sí etí omi nítorí pé ibẹ̀ ló ti máa rí omi bu, òun ló ń da ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ adìẹ léraléra, nítorí pé ẹ̀fọ́ tètè ń jáde, ọjà sì ń pè é. Àkókò yẹn gan-an ni omi fà sẹ́yìn, tí oòrùn mú jù. Ìdí nìyí tí ẹ̀bẹ̀ mi fi mọ sí mítà 30. Gbogbo oko tó kù, kí wọ́n da ajílẹ̀ sí i bó ṣe yẹ. Koríko àti igi tó bá wà ní etí odò á máa sẹ́ àgbàrá bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì: erùpẹ̀ tó gbé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì dání á dúró sẹ́yìn, gbòǹgbò á fa náítírójìn mu, omi á sì kọjá.

Àwọn àgbà á ní etí odò yìí kan náà ni àwọn baba wa ti ń ro oko láti ayébáyé, omi kò sì bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn baba wa ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó di igbó kí wọ́n tó padà sí i. Àpò ajílẹ̀ kò sí, oògùn apakoríko tó ń tú etí odò sí ìhòòhò kò sí, oko adìẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kò sí. Pàtàkì jù níbẹ̀, odò náà ń ṣàn nígbà yẹn. Àwa ni a sé e. Ìgbà tí a sọ omi tó ń lọ di omi tó jókòó, a ti yí ohun tí omi náà lè fara dà padà, ó sì yẹ kí a yí ìwà wa létí rẹ̀ padà pẹ̀lú.

Àwọn mìíràn á bi mí pé kí ló dé tí mo fi gbájú mọ́ àgbẹ̀, nígbà tí àwọn tó ń wa góòlù ń ba odò Ọ̀ṣun jẹ́, nígbà tí ilé ìpẹran, ìgbẹ́ ènìyàn àti omi ọṣẹ náà ń wọ odò. Ìbéèrè gidi ni. Ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn ènìyàn má mu omi Ọ̀ṣun, ohun ìtìjú ńlá sì ni pé ó dé ibẹ̀. Ìgbẹ́ àti omi ọṣẹ ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú pẹ̀lú, mo sì fẹ́ kí ìjọba bójú tó wọn. Ṣùgbọ́n èmi kò rí bí ìwà àwọn awakùsà ṣe lè dá ajílẹ̀ láre. Wọn kò sì jẹ́ àìsàn kan náà. Ìdọ̀tí kùsà hàn sójúkojú, omi pọ́n, ariwo sì ta. Ti ajílẹ̀ ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láìsí ariwo, ọwọ́ ẹni kan ṣoṣo kò sì sí níbẹ̀ tí a lè mú. Irú rẹ̀ ló nílò òfin ṣáájú, torí pé kò sí ọ̀daràn tí a máa mú lẹ́yìn. Àyẹ̀wò oṣooṣù tí mo ń bèèrè á sì fi gbogbo rẹ̀ hàn pa pọ̀, ìbáà jẹ́ ti oko tàbí ti ilé ìpẹran.

Mo wá dé ibi tó le jù. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní agbègbè yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjọba fi òfin kónílé-ó-gbélé de Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun nítorí ìjà ilẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé kò bọ́gbọ́n mu láti tún gbé òfin ilẹ̀ mìíràn wá síbẹ̀ ní àwíjàre, mo sì ti rò ó dáadáa kí n tó kọ̀wé. Ìdáhùn mi ni pé òfin yìí kò gbọdọ̀ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀. Kí a kọ ọ́ sínú rẹ̀ gbangba pé ẹni tó bá ni ilẹ̀ létí odò ló ṣì ni ín, àti pé ẹjọ́ tó wà nílé-ẹjọ́ lórí ààlà kò yẹ̀ nítorí rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ṣe lórí rẹ̀ nìkan ni òfin máa sọ. Kí onílẹ̀ gbin ọ̀pẹ, oparun, orógbó, àsálà tàbí igi eléso tí kò gba ebè tàbí ajílẹ̀, kó sì máa kórè rẹ̀. Kí òfin náà mú oko olówó bó ṣe mú ti tálákà, kó mú ti ọmọ Ìlobùú bó ṣe mú ti ọmọ Ìfọ́n, lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá rí i pé a fi ojú fo èkejì, òfin náà ti kú nìyẹn.

Aláàkùrọ̀ tó máa kó kúrò létí omi máa pàdánù, kò yẹ ká díbọ́n bí ẹni pé kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń fi ẹ̀fọ́ yẹn rán ọmọ níléèwé. Ìjọba gbọdọ̀ fún wọn ní ohun tí wọ́n máa fi fa omi kọjá mítà 30 náà, ẹ̀rọ ìfami kékeré àti ọ̀pá omi fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí àwọn òṣìṣẹ́ OSSADEP, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láti Ìwó wá sọ́dọ̀ wọn ní oko, kí wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń gbẹ́ kòtò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ohun ọ̀gbìn, kí a da ajílẹ̀ sí i, kí a bò ó, dípò kí a fọ́n ọn sórí ilẹ̀ níbi tí àgbàrá ti máa gbé e. Kí wọ́n sì pín in sí ìgbà méjì tàbí mẹ́ta. Ajílẹ̀ tó bọ́ sódò, owó àgbẹ̀ ló bọ́ sódò. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa gba èyí tọwọ́tẹsẹ̀ bí wọ́n bá rí i pé ìjọba ti kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀.

Agbára tó yẹ kí ìjọba lò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àwárí. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ àbójútó Gómìnà fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Láti ọdún 2009 ni ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìlànà kalẹ̀ tó dá lórí ààbò àbàtà, etí odò àti etí adágún, àjọ NESREA ló sì ń mójú tó o. Àjọ Ògùn-Ọ̀ṣun tó ń bójú tó odò wa ti wà láti ọdún 1976. Fásitì Ifẹ̀ àti Fásitì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ wà ní Èjìgbò, ní àwọn onímọ̀ tó lè yẹ omi wò. Iṣẹ́ náà sì ń so èso níbi tí wọ́n bá ti ṣe é: ní ọdún 1972, Amẹ́ríkà àti Kánádà fọwọ́ sí àdéhùn lórí omi àwọn adágún ńlá wọn, wọ́n dín fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kù, adágún Erie tí wọ́n ti ń pè ní òkú sì sọjí. Ìgbà tí wọ́n dẹwọ́ lórí èyí tó ń ti oko wá ni ó tún padà bàjẹ́, tí ó fi di ọ̀rọ̀ Toledo.

Gómìnà, kí àṣẹ yìí jáde kí òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó ń bọ̀ tó dé, kí ẹ̀rọ ìfami sì dé ọwọ́ àwọn aláàkùrọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀yin Kábíyèsí méjèèjì, mo bẹ̀ yín, ẹ jọ fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo lórí etí odò yìí. Ẹ̀yin ará Ìlobùú àti Ìfọ́n, ẹ máa béèrè èsì àyẹ̀wò omi yín lóṣooṣù, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò kàn yín.